Àyà Tó Gbọ́dọ̀ Gbóná Dé Ìsẹ́yìn

Ọjọ́ Àìkú, 12 Ṣẹ́rẹ́

A sọ ọmọ lórúkọ lónìí. Èmi, Àáfà Ọ̀ṣẹ́nì láti mọ́ṣáláṣí àdúgbò, àti Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé tó dúró sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù kí èrò má bàa wọlé. Kò sí ẹlòmíràn. Wọn ò lè jẹ́ kí Àáfà wọlé sọ́dọ̀ ọmọ, ni wọ́n bá dúró sí fáràńdà, wọ́n gbẹ́nu sójú fèrèsé, wọ́n pe Nímọ́tà sínú ibi tí àpótí gíláàsì rẹ̀ wà. Mo rò pé ó yí orí díẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ojú mi ló ṣe mí bẹ́ẹ̀.

Ìyá ìyàwó mi, Ìyá Sodiqat, pè láti Ìbàdàn lẹ́yìn náà. Wọ́n ní Àjọkẹ́ ni oríkì rẹ̀. Bí wọ́n ṣe pè é tán ni ẹkún gbé wọn. Mo ń sọ pé, "Màmá, ó ti tó, ẹ ṣe sùúrù," bí ẹni pé ojú tèmi gbẹ. Mo bi wọ́n léèrè ọmọ wọn. Wọ́n ní Sodiqat ṣì ń sùn, pé wọ́n tún gbé e sórí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ lánàá.

Inú oṣù méje ni wọ́n bí ọmọ. Gìrì mú ìyá lórí ìkúnlẹ̀, ọkọ̀ gbé e lọ sí Ìbàdàn. Ọmọ kéré jù fún ọ̀nà, ó kù sí Ìsẹ́yìn níbí. Èmi ni mo wà láàárín, iṣẹ́ mi sì wà ní Ṣakí. Àyè tí ọ̀gá ilé-ìwé fún mi tán lónìí. Wọn ò tíì fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀, mi ò sì lè fi iṣẹ́ tí yóò sanwó ilé ìwòsàn méjì ṣeré. Màá máa lọ láàárọ̀, màá máa bọ̀ nírọ̀lẹ́. Àwọn ènìyàn ń rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé dákẹ́. Mo se iṣu tó pọ̀ ju ti ẹnì kan lọ.

Ọjọ́ Ajé, 13 Ṣẹ́rẹ́

Mo gbéra lẹ́yìn àsùbáà. Ọyẹ́ bo ọ̀nà márosẹ̀ débi pé iná alùpùpù mi kò ju ibi tí ènìyàn lè sọ òkò dé lọ. Kí n tó dé Ìpàpó, mi ò mọ̀ bóyá ìka mi ṣì wà lára ọwọ́ ọkọ̀. Nígbà tí mo dé Òtu, ó ti kan ẹsẹ̀. Mo kọjá Òfíkì, omi ojú mi ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ etí lọ sẹ́yìn. Kì í ṣe ẹkún, atẹ́gùn ni. Gbogbo ọkọ̀ ńlá tó ru èédú tí a bá pàdé á kọ́kọ́ tì mí, lẹ́yìn náà á fà mí mọ́ra bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀ sí mi létí.

Mo dé kíláàsì, mo mú ṣọ́ọ̀kì, ó bọ́. Mo ṣà á, ó tún bọ́. Àwọn ọmọ rò pé eré ni mò ń ṣe, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Ṣẹ́rẹ́

Lánàá, oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé, tó dàgbà tó láti bí mi, pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Nímọ́tà, ẹ kú ọ̀nà. Ẹ fẹ́ gbé ọmọ yín?"

"Ohun tí mo bá wá nìyẹn, mà."

"Ẹ na ọwọ́ yín."

Mo nà án. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì kó tèmi mọ́ra, wọ́n sì mi orí. "Ẹ ò lè gbé e báyìí. Ọmọ yìí ò ní ọ̀rá tí yóò fi mú ara rẹ̀ móoru. Àyà yín ló yẹ kó jẹ́ ààrò fún un, awọ sí awọ. Tí ẹ bá gbé e báyìí, òun ni yóò máa fi ìwọ̀nba ooru tirẹ̀ yá yín. Ẹ tún wo bí ẹ ṣe ń gbọ̀n."

"Àpótí yẹn ńkọ́, mà?"

"Iná ló ń lò. Ẹ mọ iná wa. Ọmọ tó bá ń rí àyà sùn lé, òun ló ń tètè sanra. Ẹ lọ wẹ̀, ẹ jókòó ná, kí ara yín wálẹ̀."

Mo wẹ̀, mo jókòó ti ògiri ibi tí wọ́n ti ń se omi gbígbóná. Ara mi móoru nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò yé gbọ̀n, bí ẹni pé ó ṣì di alùpùpù mú. Nígbà tó fi máa dẹwọ́, wọ́n ti fi ọ̀pá tín-ín-rín bu wàrà sí i nínú, wọ́n ní kí a má yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Mo dúró síwájú gíláàsì. Orí rẹ̀ kò ju ọsàn lọ.

Láti Ṣakí ni mo ti gun alùpùpù wá wo gíláàsì.

Ọjọ́rú, 15 Ṣẹ́rẹ́

Ọrùn, ẹ̀yìn, ìdí. Mo kírun lórí àga bí arúgbó.

Ọjọ́bọ̀, 16 Ṣẹ́rẹ́

Ìyá Ràsáàkì ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń jẹun lóòró nínú yàrá àwọn olùkọ́. Àwọn ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú ilé. Láti Tedé ni wọ́n ti ń gun alùpùpù wá lójoojúmọ́, ọjọ́ ti pẹ́.

"Wàhábì, kí ló dé tí o ò jókòó?"

"Ìdí ló ń dùn mí, mà."

"Ọ̀nà?"

"Ọ̀nà ni, mà."

Wọ́n gbé abọ́ wọn kalẹ̀, wọ́n jáde lọ síbi alùpùpù mi, wọ́n yí i po bí ẹni fẹ́ ra ewúrẹ́. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ táyà. "Ta ló fún táyà yìí ní atẹ́gùn tó le tó báyìí? Òkúta lo gùn bọ̀. Gun orí rẹ̀ kí n wò ọ́."

Mo gùn ún. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"O fún un lọ́rùn bí ẹni mú olè! Dẹ ọwọ́. Orúnkún la fi ń di ọkọ̀ mú, ọwọ́ kàn ń júwe ọ̀nà fún un ni. Tẹ̀ síwájú díẹ̀. O ò rí i? Tí o bá nà gbọnrangandan bẹ́ẹ̀, àyà rẹ ló ń gba gbogbo atẹ́gùn, ẹ̀yìn rẹ ló ń gba gbogbo kòtò."

Wọ́n ní kí n máa fi òwú dí etí lábẹ́ akoto, pé ariwo atẹ́gùn ń jẹ agbára ènìyàn ju oòrùn lọ. N ó ṣì máa gbọ́ fèrè ọkọ̀. Kí n fi òrí pa ètè àti ẹ̀yìn ọwọ́. Kí n tẹ́ ìwé ìròyìn sáyà lábẹ́ kóòtù, òtútù kì í gba inú ìwé kọjá. "Má sì dúró de ìrora kí o tó sọ̀kalẹ̀. Tí ìrora bá ti dé, o ti pẹ́. Máa sọ̀ nígbà tó ṣì ń dùn mọ́ ọ, kí o rìn díẹ̀, kí o mumi."

Wọ́n wá wò mí lójú. "Ìyàwó ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, mà."

Wọn ò bi mí ní nǹkan mìíràn. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn ju gbogbo ìmọ̀ràn lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Ṣẹ́rẹ́

Lẹ́yìn Jímọ̀ mo lọ sọ́dọ̀ àwọn alápatà ra awọ àgbò onírun. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ló pè é, a jọ dúró sí márùn-ún. Ó ní ṣé èmi náà fẹ́ máa kírun lórí rẹ̀ bí àwọn àgbà. Mo ní rárá, mo fẹ́ jókòó lé e ni. Ojú tó fi wò mí!

Epo tún ti gbówó lórí. Mo jọ́ táyà díẹ̀. Mo mú àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ nínú yàrá olùkọ́. Mo gbé ìjọba ìpínlẹ̀ sáyà ọ̀tún, bọ́ọ̀lù sáyà òsì.

Ẹ̀yìn mi nìkan ni mi ò rí nǹkan fún. Mo wá rántí ọ̀já tí Sodiqat rà nígbà tí oyún kò tíì hàn. Ó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Mo yọ ọ́, mo fi di ìbàdí pinpin. Ó gbé ẹ̀yìn mi ró. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè dìde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Ṣẹ́rẹ́

Mo gbé e!

Lánàá, mo dé tí ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Mo sọ̀ ní Tedé, mo sọ̀ ní Òfíkì níbi afárá, mo sọ̀ ní Òtu, mo ń rìn yí alùpùpù po bí ẹni sọ nǹkan nù, àwọn tó ń ṣa kaṣú lẹ́bàá ọ̀nà ń wò mí. Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé mú ọwọ́ mi, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n-ẹ̀n." Ìyẹn nìkan. Mo wẹ̀, mo bọ́ ẹ̀wù. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ló kún inú yàrá yẹn, èmi nìkan lọ́kùnrin, nítorí náà wọ́n ta ìró kan bí aṣọ fèrèsé láàárín wa. Nọ́ọ̀sì ní kí n mú nǹkan tí a ó fi dè é mọ́ mi láyà wá. Mo tú ọ̀já lára sòkòtò mi, mo nà án sí wọn. Eruku rẹ̀ bo gbogbo afẹ́fẹ́.

"Ẹ gbé e kúrò níwájú mi! Ẹ lọ fọ̀ ọ́!" Àwọn ìyá lẹ́yìn ìró rẹ́rìn-ín. Wọ́n yá mi ní ọ̀kan tó mọ́.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ìyókù. Kò wúwo. Mo ń wo àyà mi kí n lè gbàgbọ́ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ ọ, kì í ṣe létí, nínú egungun: ọkàn rẹ̀ ń sáré bí ẹsẹ̀ ọmọ ẹyẹ lórí páànù. Lẹ́yìn ìró, àwọn obìnrin ń sọ ọ̀rọ̀ ọjà, ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mi ò ní ẹni tí mo lè sọ fún pé, "Wá wò ó."

Ọjọ́ Àìkú, 19 Ṣẹ́rẹ́

Ìbàdàn. Mo gba ọ̀nà Mọ́níyà lọ, ọ̀nà náà dán, ara tù mí. Sodiqat ti lajú. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti kí ìyá rẹ̀.

Ó wò mí títí. Ohùn rẹ̀ ti há. "Ohun tí mo rántí kẹ́yìn ni pé mò ń ṣa ẹ̀wà," ó ní. "Mo kàn jí, ikùn mi ti wálẹ̀."

"O bímọ. Obìnrin ni. Ó wà ní Ìsẹ́yìn, ó ń gbádùn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn mí. Ó ti kú, àbí?"

"Kò kú. Mo gbé e láyà lọ́jọ́ Ẹtì."

"Ibo lẹ sin ín sí?"

Mo fi àwòrán hàn án lórí fóònù. Ó wò ó, ó yíjú sí ògiri. "Ọmọ ta nìyí? Gbogbo ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ló jọra." Mo búra. Ìyá rẹ̀ búra. Dókítà sọ fún mi níta pé gìrì máa ń pa ìrántí rẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ó lè padà, ó sì lè má padà. Pé kí n má bá a jiyàn.

Mo gun alùpùpù padà sí Ìsẹ́yìn. Mi ò mọ ìgbà tí mo kọjá ibì kankan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Ṣẹ́rẹ́

Ọmọ ti fi ìwọ̀n díẹ̀ kún un. Mo fẹ́ pe Sodiqat láti sọ fún un. Mo gbé fóònù, mo tún gbé e kalẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 30 Ṣẹ́rẹ́

Mi ò ní sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Lánàá, láàárín Òtu àti Ìpàpó. Gbogbo nǹkan wà bó ṣe yẹ kó wà. Awọ àgbò rọ̀ lábẹ́ mi, òwú wà létí, ìwé mú àyà mi móoru, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń yá mi lápá ọ̀tún. Ọ̀nà tẹ́jú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí, ọ̀nà yẹn dùn mọ́ mi. Mo rántí igi ẹmì kan níwájú. Ohun tí mo tún rí lẹ́yìn rẹ̀ ni koríko.

Mo sùn. Mo sùn lórí alùpùpù bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n.

Ó gbé mi gba inú koríko gbígbẹ lọ, kó tó dojú dé. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, táyà ẹ̀yìn ṣì ń yí. Mo ń ka ara mi wò: ọwọ́ wà, ẹsẹ̀ wà, orúnkún òsì bó. Akoto ya lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ méjì kọjá lójú títì, wọn ò rí mi, koríko ga jù mí lọ. Mo sunkún níbẹ̀, mo ké rara, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè gbọ́. Ohun tó ń já mi láyà kì í ṣe ikú. Bí mo bá kú síbẹ̀, ìyá kò gbà pé ọmọ rẹ̀ wà láyé, ọmọ kò sì tíì mọ̀ pé òun ní ìyá. Èmi nìkan ni mo mọ àwọn méjèèjì.

Mo dé ọsibítù, mo ní mo ṣubú níwájú ilé. Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé di orúnkún mi. Wọn ò gbé ọmọ fún mi lálẹ́ yẹn, mi ò sì béèrè.

Ọjọ́ Ẹtì, 31 Ṣẹ́rẹ́

Mo sọ fún Ìyá Ràsáàkì. Mo ní mi ò ní sọ, ṣùgbọ́n wọ́n bi mí léèrè orúnkún, ẹnu mi sì là.

"Ẹ̀bi mi ni," wọ́n ní. "Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń jókòó, mi ò bi ọ́ bóyá ò ń sùn. Ara tó bá rọrùn tí kò sùn, ikú ló ń tẹ́ní fún."

Wọ́n fà mí lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé lójú ẹsẹ̀. Àwọn ló sọ gbogbo ọ̀rọ̀, èmi kàn ń wo ilẹ̀. Ibi tó já sí ni pé wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́ Ọjọ́rú mi pẹ̀lú tiwọn, kí n má bàa máa wá lọ́jọ́ náà. Wọ́n tún tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún mi nínú yàrá ìdáná tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Kí n sùn níbẹ̀ lẹ́yìn ìwé kí n tó gbéra. "Ọmọ tó bá yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí o bá ń sùn, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni."

Mo sùn láàárín ìkòkò lónìí. Mo jí, ẹnìkan ti da aṣọ bò mí.

Ọjọ́bọ̀, 6 Èrèlé

Ọmọ gbàgbé láti mí lálẹ́ àná, lórí àyà mi. Mo kàn rí i pé nǹkan ti dákẹ́ nínú egungun mi. Mo pariwo. Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé dé, wọ́n fi ìka ta àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ó mí. Wọ́n ní ó máa ń ṣe àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé bẹ́ẹ̀, pé ara wọn ṣì ń kọ́ ọ. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni sọ pé òjò lè rọ̀.

Mi ò lè lọ sí Ṣakí láàárọ̀ yìí kí n má fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Ó fà á sẹ́yìn, inú bí i. Mo lọ.

Ọjọ́ Ajé, 10 Èrèlé

Ọyẹ́ ń dínkù. Ọ̀sán ti ń jó ni. Òwò kaṣú ti dé, ọkọ̀ ńlá kún ojú ọ̀nà. Mo yọ ìjọba ìpínlẹ̀ kúrò láyà, mo fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún àárọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Èrèlé

Sodiqat ti kúrò lórí ẹ̀rọ. Kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ó jẹ ẹ̀kọ díẹ̀ lójú mi. Kò dárúkọ ọmọ, èmi náà kò dárúkọ rẹ̀. A ń sọ ọ̀rọ̀ ilé, òrùlé tó ń jò, ẹran ìyá rẹ̀ tó bímọ. Ìyá rẹ̀ jáde lọ pọnmi, bóyá kí àwa méjèèjì lè rí àyè.

Mo ti gba igbe ọmọ sínú fóònù. Mo tẹ̀ ẹ́ láìsọ nǹkan kan. Igbe tín-ín-rín, bíi ti ológbò. Sodiqat gbọ́ ọ títí ó fi tán. Ó ní, "Ebi ló ń pa á."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fún un lóúnjẹ lẹ́yìn náà."

"Ó dára." Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Ẹni tó ni ín kú ewu o."

Bí mo ṣe ń padà, mo sọ̀ níbi tí a ti ń rí òkè Adó-Àwáyè lọ́ọ̀ọ́kán. Mo fi awọ àgbò tẹ́lẹ̀, mo jókòó. Òkè náà kò sún mọ́ mi, kò sì jìnnà sí mi. Mo wà níbẹ̀ títí oòrùn fi lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Èrèlé

Wọ́n yọ ọ̀pá kúrò nímú rẹ̀. Ó mu wàrà láti inú ife kékeré, ó tú ìdajì sí mi lára. Àwọn ìyá lẹ́yìn ìró pàtẹ́wọ́. Ìró náà ti já bọ́ ní ìkángun kan, wọn ò tún un so. Kò sẹ́ni tó bìkítà mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 27 Èrèlé

Wọ́n dá a sílẹ̀. Ó lé ní kílò méjì. Ìyá Ràsáàkì ló ń kọ́ kíláàsì mi lónìí àti lọ́la. Ohun tí wọ́n máa kọ́ wọn nínú ìṣirò, Ọlọ́run ló mọ̀. Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé dì í sínú aṣọ mẹ́ta, wọ́n ní kí n má gbé e sórí alùpùpù. Mo ní mo mọ̀. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀, mo kàn ní kí n sọ ọ́." Wọ́n yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń wá nǹkan tí kò sọnù.

Mo fẹsẹ̀ rìn dé ilé. Mo ń sọ fún un: mọ́ṣáláṣí nìyí, ilé alágbàdo nìyí, ilé wa nìyí.

Sodiqat ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Mi ò kọ irú gbólóhùn yìí rí nípa ìyàwó mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Ẹrẹ́nà

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Lẹ́yìn ìrun àílá ni ọkọ̀ dé. Ìyá Sodiqat kọ́kọ́ sọ̀, wọ́n di ọmọ wọn lápá mú. Ó ti rù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó jókòó sórí àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn, bí àlejò.

Nímọ́tà wà láyà mi lábẹ́ ẹ̀wù. Orí rẹ̀ nìkan ló hàn.

"Òun nìyí?"

"Òun ni."

Ó wò ó. "Ó kéré."

Ìyá rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ṣẹ́jú sí wọn, wọ́n wọ ilé ìdáná lọ. Mo tú ọ̀já, mo yọ ọmọ jáde. Bí atẹ́gùn ṣe kàn án ló figbe ta. Sodiqat ti na ọwọ́, ó tún fà á padà.

"Kò fẹ́ mi."

"Kò mọ ẹnikẹ́ni, Sodiqat. Àyà nìkan ló mọ̀."

Nígbà tó yá, Sodiqat fúnra rẹ̀ tú bùbá rẹ̀. Mo gbé ọmọ lé e. Ọmọ ké, ó ń janra, ó ń fi orí wá mi kiri. Mo fẹ́ gbà á padà. Ọwọ́ mi dìde, mo fi sábẹ́ itan mi, mo jókòó lé e. Igbe náà pẹ́. Sodiqat kò mì í, kò kọrin fún un, ó kàn jókòó, ó ń wo iwájú, omi ń dà lójú rẹ̀ bọ́ sí ọmọ lórí. Díẹ̀díẹ̀ ni ó rẹ ọmọ. Ó sùn.

"Mi ò tíì rántí o," Sodiqat ní, jẹ́jẹ́, kó má bàa jí i.

"Mo mọ̀."

"Bóyá mi ò ní rántí rẹ̀ láé. Sọ fún mi. Má fi nǹkan kan pamọ́."

Ó gbàgbé "ẹ" tó máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un. Wọ́n pe ìrun, a ṣínu, mo tún ń sọ ọ́ lọ. Mo sọ ti koríko náà fún un. Ó di ọwọ́ mi mú nígbà tí mo débẹ̀, kò sì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mìíràn fún ìgbà pípẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 3 Ẹrẹ́nà. Ṣakí

Òru àná ni òru àkọ́kọ́, láti ìgbà tí ọmọ ti dé ilé, tí kò sí ẹnikẹ́ni láyà mi. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló sùn. Mi ò lè sùn. Mo ń gbé ọwọ́ lé ibẹ̀, ibẹ̀ tutù, ooru sì ń mú nínú yàrá.

Dókítà ní Sodiqat kò gbọ́dọ̀ gun ọ̀nà jíjìn fún oṣù díẹ̀. Nítorí náà, àwọn ní Ìsẹ́yìn, èmi ní Ṣakí, bíi ti ìgbà tí a kò tíì bímọ. Ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Ẹtì ni màá máa wálé. Ìyá rẹ̀ yóò wà pẹ̀lú wọn.

A jẹ sààrì, èmi àti Ìyá Sodiqat, a ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo yọjú sí yàrá. Àwọn méjèèjì dojú kọra, ẹnu wọn ṣí bákan náà. Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n lẹ́sẹ̀. Mo dúró títí mo fi rí i pé wọ́n ń mí.

Mi ò tẹ alùpùpù nínú ọgbà, kí wọ́n má bàa jí. Mo fà á jáde, mo ń tì í lọ lójú ọ̀nà, mo kọjá mọ́ṣáláṣí, mo kọjá ilé alágbàdo, òógùn bò mí, títí mo fi dé ẹ̀yìn ilé epo. Ibẹ̀ ni mo ti tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó dún, mo wẹ̀yìn.

Kò sí iná kankan tó tàn nílé wa.